Ìdúpẹ́ fún Orin Tí Kò Lọ́rọ̀

Nínú ìjọ wa ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí, kò sí oore tí a kì í dúpẹ́ fún, bó ti wù kó kéré tó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yege ìdánwò ìwakọ̀, lẹ́yìn tó ti fìdí rẹmi títí tó fi sú olùkọ́ rẹ̀, màmá mi bá a jó dé iwájú pẹpẹ, ó ń ju áńkáṣíìfù sókè. Èmi ni mo ń ta gìtá báàsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, nígbà tí mo parí àwo orin tèmi, ìdúpẹ́ ni mo ń retí. Orin rọ́ọ̀kì ni, ẹnikẹ́ni ò kọrin nínú rẹ̀. Èmi, onílù kan àti onígìtá kan la jọ gbà á sílẹ̀ nínú yàrá kótópó kan lẹ́yìn Powis Street. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá dá orin ni báàsì ń tẹ̀ lé. Níbí, báàsì mi ló ṣíwájú, kí n má sì parọ́, mo mọ̀ ọ́n ta.

Mo gbé e fún màmá mi gbọ́ ní kíṣìnì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ orin àkọ́kọ́ tán, ó wá ní, "Ìgbà wo ni wọ́n máa start orin yẹn gan-an?"

"Ó ti parí, Mummy. Instrumental ni."

"Kò sí Jésù, kò sí halelúyà? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Pastor pé à ń dúpẹ́ fún?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n."

"Agbọ̀n òfìfo ńkọ́? Ta ló ń gbé ìyẹn wá sílé Ọlọ́run?"

Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo kàn fẹ́ kó bá mi jó bó ṣe bá ẹ̀gbọ́n mi jó ni. Mo fi àwọn orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, mo sì fajú ro.

Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, ní ọsibítù tó wà nítòsí Woolwich Common. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi sọ pé, "Mo gbọ́ ọ nínú bus. Number three yẹn, inú ń bí ẹ níbẹ̀."

"Yes, Mummy."

"Sí ta ni?"

"Sí yín." Ọ̀sẹ̀ tó ní kí n gbé gìtá mi tà, kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ni mo ṣe orin náà.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Mo tiẹ̀ ń dá ẹ lóhùn nínú bus, ẹni tó jókòó tì mí sún kúrò. On Sunday, à ń lọ síwájú pẹpẹ."

Mo bi í pé orin wo ni kí n ta. Ó ní èyí tí mo fi bá òun jà.

Lọ́jọ́ Sunday, mo ta orin náà níwájú pẹpẹ, màmá mi sì ń jó. Orin ò tíì dé ìdajì tí anti kan nínú kwaya fi la ẹnu, ó fẹ́ gbe ègbè sí i. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè, kò dá ijó dúró.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ tán."