Emorut àti Ìpàdé Tí Kò Ní Ìkòkò

Emorut lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Màlúù ló fi ń túlẹ̀ fáwọn ará Ngora, ìlú wa. Poro rẹ̀ máa ń tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Bó bá ṣíwọ́, ó dìdí ìkòkò ajono.

Ọtí ọkà wa nìyẹn. Àwọn ọkùnrin á yí ìkòkò ká, kálukú á fi esùsú gígùn tirẹ̀ fà á mu. Ìdí ìkòkò la ti ń fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ la ti ń pín ilẹ̀, ibẹ̀ la ti ń parí ìjà. Ọkùnrin tí kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀?

Nígbà tó yá, ajono ò tó o mọ́. Ó bọ́ sórí waragi, ọtí líle tó ń jóni lọ́fun. Lọ́jọ́ kan ó ń túlẹ̀ lọ́wọ́, ó bì, ẹ̀jẹ̀ ló jáde. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní, "Àwọn kan ń ṣèpàdé ní Kumi. Ọ̀mùtí ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀. Wá wọn lọ, àbí kí o wá pósí."

Mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e. A béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà.

"Ìpàdé àwọn tí kò mutí?" Ọ̀kan wọn nawọ́. "Ẹ gba ibẹ̀ yẹn. Itẹ́ òkú ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. A sáà rí ibẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré. Wọ́n to àga yípo. Emorut dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àárín wọn.

"Ẹ jókòó yípo báyìí, ìkòkò wá dà?"

Ìyá Apolot, tó ń darí wọn, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo máa ń pọn ọtí inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Èyí tí mo pọn ló pa ọkọ mi. Jókòó."

Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé olóríkunkun ni. Bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń retí kí àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí a ti ń ṣe nídìí ìkòkò. Nígbà tí Ìyá Apolot gbọ́ ìdí rẹ̀, ó ní, "Níbí, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn ló ń sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wá yanu. "Èmi Emorut. Àwọn màlúù mi mọ ọ̀nà ilé mi jù mí lọ."

Látìgbà náà, kò pa ìpàdé jẹ. Ara rẹ̀ padà. Nílé, torí kò mutí mọ́, wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè é ní Bíṣọ́ọ̀bù. Amuge ìyàwó rẹ̀, tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, bí ọmọkùnrin.

Ìsọmọlórúkọ wá kù. Láàárín wa, ìyá àgbà á ti ìka bọ ajono, á fi sọ́mọ lẹ́nu, á máa pe orúkọ. Orúkọ tọ́mọ bá ti fa ìka náà mu ni tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá ọmọ á fa esùsú lójú àwọn àna. Bí kò bá fà á, ó ní ọmọ kì í ṣe tòun.

Emorut gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé. Ọkùnrin kan ní kó sá lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá Apolot ní, "Fi esùsú sẹ́nu, fi ahọ́n dí i. Ta ló máa mọ̀?"

Ìyá Apolot ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ó fi esùsú sẹ́nu. Okurut, àbúrò bàbá wa, ló mọ̀. Òun ni olórí ilé wa. Ó na ọrùn.

"Gògóńgò rẹ ò mì! Ẹ wò ó, ó ń fi ahọ́n dí i. Bíṣọ́ọ̀bù, ṣé ò ń fẹnu ko esùsú lẹ́nu ni?"

Ẹ̀rín bú. Bàbá Amuge ò rín. Ó ní, "Ṣé ọmọ yìí ní bàbá níbòmíràn ni?"

Mo yíjú sí Okurut, mo ní, "Bàbá, ọtí á pa á. Ilé ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Okurut ò tilẹ̀ wò mí. "Ta ló fún ọmọdé lésùsú?"

Amuge tẹrí ba mọ́ ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó fa ọtí náà mu. Àwọn obìnrin hó ìhó ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé kẹ̀kẹ́ wá láti gbé e lọ sípàdé. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn?" Ìyá Apolot fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, Emorut sá fún un wọnú oko ọkà. Kí wọ́n tó kórè, waragi ti pa á.

Létí sàréè, Okurut sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ará Kumi lẹ pa á. A jọ ń mu, kò kú. Ẹ mú un kúrò láàárín wa, ara rẹ̀ di àjèjì sọ́tí. Ọtí ò mọ̀ ọ́n mọ́." Àwọn èèyàn ń mirí, wọ́n ní òótọ́ ni. Ìyá Apolot dúró lóòrùn. Kò sẹ́ni tó bu omi fún un.

Ocom ládùúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀. Ó ti ń bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ọ̀nà ìpàdé náà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú mo lọ bá a. Mo ní mo lè fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ. Mo júwe yàrá náà fún un, mo ní àwọn èèyàn ibẹ̀ dára.

Ó wò mí lójú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

Mo yí kẹ̀kẹ́ mi padà.