Ìyá Aláwọ̀n Ní Òun Ò Ṣe

Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ni kó máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù, kó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọn ará abúlé, kí àwọn oníwàádìí lè mọ ohun tó ń fa ibà níbẹ̀. Kó tó yọ abẹ́rẹ́, ó ní láti bi olúkúlùkù bóyá ó fẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú ka ìbéèrè yẹn sí ìfàkókòṣòfò. Ọ̀gá ò dé erékùṣù rí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Baálé kó gbogbo abúlé jọ síwájú ilé rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, gbogbo wa ti gbà. Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ṣì máa bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Aláwọ̀n ló ti bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Ìyá ò gbójú sókè.

"Tí mo bá ní mi ò ṣe ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

"O ò ní fi oògùn ibà dù mí?"

"Rárá o. Oògùn yín ń bẹ níbẹ̀."

"Ó dáa. Mi ò ṣe."

Baálé fò dìde. "Ìwọ obìnrin yìí! O fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò?"

Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún Nọ́ọ̀sì pé bí ẹnì kan bá kọ̀ láti ṣe é, kó wá iṣẹ́ míì. Tó bá dákẹ́ báyìí, Baálé á bá a fipá mú Ìyá. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Màmá ní àwọn ò ṣe. Ó parí."

Ìyá Aláwọ̀n wá gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Mo ní mi ò ṣe, ilé ò sì wó! Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí àtìgbà tí mo ti délé ọkọ!"

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin yòókù. Wọ́n rọ́ wá síwájú.

"Bi èmi náà, jàre! Kí n gbọ́ ọ létí ara mi."

Àwọn kan ní àwọn ò ṣe. Púpọ̀ wọn na apá, wọ́n ń pariwo "Mo gbà!" bí ẹni pé ẹjọ́ ni wọ́n jàre rẹ̀.

Ọ̀gá bínú, ó sì bú u lórí fóònù. Kò lé e lẹ́nu iṣẹ́ ṣá. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ là: kò rí ẹlòmíì tí àwọn ará erékùṣù máa ṣílẹ̀kùn fún ni.

Lọ́dọọdún ni Nọ́ọ̀sì ń padà lọ sọ èsì àyẹ̀wò fún kálukú. Lọ́dọọdún ló ń bi Ìyá, tí Ìyá ń kọ̀ tayọ̀tayọ̀. Lọ́dún kan, Nọ́ọ̀sì gbàgbé. Ọkọ̀ ti ṣí nígbà tí Ìyá ké láti èbúté:

"Nọ́ọ̀sì! O ò tíì bi mí!"

Nọ́ọ̀sì bẹ́ sómi, ó wọ́ yẹ̀rì tútù padà lọ bi í.

"Mi ò ṣe," ni Ìyá wí. "Ó yá, máa lọ, ọmọ mi."