Òkú Tó Kun Àtíkè

Fíìmù burúkú ni ìyálé mi fẹ́ràn. Mo sọ ọ́ lójú ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, mo sì tún ń sọ ọ́ báyìí tí kò sí nílé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ẹ̀ kó máa bọ̀. Mo wà nínú ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀.

Àwa méjèèjì la fẹ́ ọkọ kan náà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé, ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé mi dé. Ó ń ta ẹní ní Ọjà'ba, èmi sì jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Màpó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ "Ìyàwó" ló ṣì ń pè mí. Nígbà tí ọkọ wa kú, tí àwọn ọmọ ti fọ́n káàkiri, àwa méjì la ṣẹ́kù sínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ní pálọ̀ àti àga méjì tó kọjú sí i. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, bí iná bá ti wà, ibẹ̀ lẹ ó ti bá wa.

A kì í ṣe orogún tó ń wá ìjà o. A jọ ń jẹun, a jọ ń lọ kí èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ara ẹ̀ ò bá yá èmi ni mo máa ń fi àdí pa á lẹ́sẹ̀. Fíìmù nìkan ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ jẹ́ n sọ bí fíìmù tó fẹ́ràn ṣe máa ń rí. Ìyá ọkọ kan á wà tó burú bí nǹkan míì. Ìyàwó ilé á kú. Wọ́n á sunkún, ẹkún náà á gùn débi pé ẹ lè lọ fọ abọ́, kí ẹ dé, kí wọ́n ṣì máa sun ún. Nígbà tó bá yá, òkú á jáde nínú aṣọ funfun, wọ́n á ti da àtíkè bo gbogbo ojú ẹ̀, á kù díẹ̀ kó máa sín. Mégáàdì kan á rí i, á figbe ta, á sá, á já sínú gọ́tà. Ìyálé mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú ẹ̀. Ó sì ti mọ ibi tí mégáàdì á ti já sí gọ́tà o! Ó ti wò ó nígbà mẹ́rin! Síbẹ̀, bó bá ti kù díẹ̀, á ti gbá itan mi mú: "Ìyàwó, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀!"

Èmi ńkọ́? Fíìmù tí àwọn inú ẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn gidi lèmi fẹ́ràn, tí ẹni tínú ń bí lè dákẹ́ kí a sì mọ̀ pé inú ń bí i. Bí tèmi bá bẹ̀rẹ̀, ìyálé mi á yán títí, á bi mí bóyá wọ́n gbàgbé láti fi ìtàn sí i.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyálé mi, níbo ni òkú ti rí àtíkè rà?"

"Ṣé o ti lọ sọ́run rí ni? Tí wọ́n bá ń tà á níbẹ̀ ńkọ́?"

"Fíìmù yìí ò dára."

"Ó dùn mọ́ mi."

"Pé ó dùn mọ́ yín kọ́ ló ní kó dára."

"Kí ló wá ń jẹ́ dídára, tíṣà? Ta ló ń fún un ní máàkì?"

Èmi ni o! Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi báírò pupa jẹun. Mo sọ fún un pé méje àti márùn-ún ò bèèrè ohun tó wu ẹnikẹ́ni kó tó di méjìlá, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáadáa ṣe yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe yẹpẹrẹ. Ó ní ẹnu òun ò mọ ìṣirò, ohun tó bá dùn ló mọ̀. Ó ní, "Iyọ̀ díẹ̀ ni ìwọ máa ń fi sọ́bẹ̀, èmi á tún bu kún un. Ta ló jẹ̀bi nínú wa?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyálé mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ lára yín."

Ó ju gèlè lù mí. A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú iná.

Ojú ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ omi mímu kó tó kan ọbẹ̀. A lọ ọsibítù, a padà lọ, dókítà ní ohun tó ti lọ nínú ojú náà ò ní padà wá. Kó tó pé ọdún kan, gbogbo ẹ̀ ti ṣú. Lọ́jọ́ tó yé òun fúnra ẹ̀ pé ó ti tán, ó táràrà dé orí àga ẹ̀, ó ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Ó nawọ́ wá ọwọ́ mi, ó dì í mú.

Ó ní, "Ìyàwó, láti òní lọ, ìwọ ni ojú mi. Ohun tí o bá rí ni kí o wí."

Mo sunkún. Mo gbà fún un.

Oṣù àkọ́kọ́, mo ṣe é bó ṣe yẹ. "Ọkùnrin náà ti wọlé. Ó dé fìlà. Ó ń yọjú wo yàrá." Ohùn wọn ń dé etí ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí kò ní ohùn, ọwọ́ mi ló wà. Á da ojú tí kò ríran yẹn kọ mí, á máa dúró dè mí.

Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n gbé fíìmù tuntun kan wá tí àwa méjèèjì ò tíì wò rí. Kí ni mo rí? Òkú! Aṣọ funfun! Àtíkè ti sán lọ́rùn ẹ̀, ara ẹ̀ gidi ń hàn lábẹ́ ẹ̀. Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ní kí n kọ orúkọ mi sábẹ́ ìwé ọmọ tó gba òdo. Ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Ìyàwó, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Obìnrin kan ló jókòó, ó ń ronú."

Mo fi rìmóòtù dín ohùn kù. Mégáàdì figbe ta. Ìyálé mi dìde jókòó dáadáa.

"Kí ló ń lé e? Ṣé òkú ni?"

"Ajá ni."

"Ṣé ó já sí gọ́tà?"

"Rárá o, ó kàn fẹsẹ̀ kọ ni."

Ó ní, "Ẹn-ẹ́n." Ó fẹ̀yìn ti àga.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹkún tó bá gùn, mo máa sọ pé wọ́n ti kúrò níbẹ̀, mo máa dín in kù. Ìyá ọkọ tó bá ń yí ojú bí ẹni tí gìrì mú, mo máa sọ pé ó kàn ń wò ni. Mo ń tún fíìmù ṣe fún àwọn tó ṣe é! Mo sọ fún ara mi pé oore ni, pé ìyálé mi ti wá ń rí fíìmù gidi wò nígbẹ̀yìn ayé ẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn onífíìmù ò mọ nǹkan kan ṣe mọ́, inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí o, inú mi dùn! Mo rò pé ó ti ń mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Mo rò pé mo ti kọ́ ọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí àga. Nígbà tó yá, kò wá sí pálọ̀ mọ́, inú yàrá ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà ẹ̀. Mo wá ń wo àwọn tèmi tó dára, èmi nìkan. Wọ́n dára lóòótọ́. Kò kàn sẹ́ni tó ń gbá itan mi mú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń gbé Yemẹtu wá kí wa. Ìyálé mi ní kó di ẹrù òun.

Ó ní, "Kí ni mò ń jókòó ṣe níbí? Ojú ò ríran, fíìmù gan-an ò dùn mọ́. Jẹ́ n máa bá ẹ lọ."

Mo dúró níbẹ̀, mo gbé báàgì ẹ̀ dání. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí n sọ. Mi ò sọ ọ́. Mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ kí i. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó jókòó ti ọmọ ẹ̀ tó ń bó ẹ̀gúsí, ó ti gbá a nítan mú, tẹlifíṣọ̀n ń pariwo.

Ọmọ náà ń sọ pé, "Màámi, àtíkè yẹn ti sán lọ́rùn ẹ̀ o! Ó dà bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Mégáàdì ti rí i! Ó ń sá, ó ń sá, yéè, ó ti wọ gọ́tà! Bàtà ẹ̀ kan ló kù lókè!"

Mo mọ ohùn mégáàdì náà. Fíìmù yẹn gan-an ni.

Ọmọ náà rí mi, ó ní, "Ìyá Kékeré, ẹ káàbọ̀ mà." Bí ìyálé mi ṣe gbọ́ pé èmi ni, ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí mo dúró sí.

"Ìyàwó. O ní ajá ni."

"Mo ti gbàgbé ni, Ìyálé mi."

"O ò gbàgbé nǹkan kan rí láyé ẹ. O ò fẹ́ kí n rí i ni."

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo ẹ̀gúsí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ó ní òun ti fi jì mí, ọ̀rọ̀ àárín wa kọjá ìyẹn. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò ní gbàgbé: "Mo rò pé èmi ni. Mo rò pé mo ti darúgbó débi pé nǹkan kan ò ní dùn mọ́ mi mọ́ títí màá fi kú."

Mo bi í bóyá á padà wálé. Ó ní, "Jẹ́ ká wo eléyìí tán ná." Wọ́n wò ó tán. Mi ò bi í mọ́.

Ẹ má rò pé mo ti yí ọkàn padà. Fíìmù náà ò dára. Lónìí, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n tún gbé e wá, mo jókòó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, máàkì tí mo fún un ò yí padà. Ṣùgbọ́n bí òkú ṣe jáde, ọwọ́ mi ti wà lórí fóònù kí n tó mọ̀.

Mo ní, "Ìyálé mi, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n yín o! Òkú ti dé! Ó ti kun àtíkè!"

Mo gbọ́ tẹlifíṣọ̀n tiwọn náà tó ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀.

Ó ní, "O ṣeun, Ìyàwó. Ọmọ mi ti ń sọ ọ́ fún mi." Ohùn ẹ̀ dùn, kò ní ìbínú kankan nínú. Ó ní kí n kí ará ilé, bí ẹni pé ẹnì kan kù nílé tí màá kí. Ó pa fóònù.

Mégáàdì figbe ta. Mo kọjú sí àga ẹ̀.

Mo ní, "Ó ń bọ̀, Ìyálé mi, ó ń bọ̀. Ó ti já sí gọ́tà."

Mo dúró díẹ̀, bóyá èmi á rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.