Ìbéèrè Tí Mo Fi Pamọ́ fún Mojísọ́lá

Bí ẹ bá dé Ọ̀kà, tí ẹ béèrè ilé Dókítà Mojísọ́lá Fákúnlé, ọmọdé á mú yín dé ilé bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀ àpáta. Kò gbé ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin kúkúrú ni, ó dúdú, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Èmi Rachel Adéṣínà tí mò ń kọ èyí, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sílé ìwé girama ní Ìkàrẹ́, bẹ́ǹṣì kan náà la sì jókòó lé. Bí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ láìkù síbì kan, irọ́ ni mo pa, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni irọ́.

Bàbá tèmi jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ti àwọn ará ilé Mojísọ́lá, wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún ìbílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Iṣu ni bàbá rẹ̀ ń gbìn. Àdúgbò sì fi iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́: bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn, òun ni wọ́n ń rán lọ túfọ̀ fún àwọn ará ilé olóògbé. Mojísọ́lá a sì máa bá a lọ, torí bàbá náà kì í fẹ́ dá rin ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1989, àwa méjèèjì yege nínú ìdánwò Jáàmù tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Máàkì mẹ́rìnlá ni mo fi jù ú lọ. Mo rántí iye rẹ̀ dòní. Wọ́n pe àwa méjèèjì fún íńtáfíù ìṣègùn, olùkọ́ wa sì sọ fún wa pé wọn kì í mú ju ẹnì kan lọ láti ìjọba ìbílẹ̀ kan. A ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi gbà á gbọ́. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí à ń lọ, a wọ Pijó ní Ìkàrẹ́, Mojísọ́lá sì tú iṣu sísun jáde látinú àpò.

Ó ní, "Rachel, gbà."

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Ṣé ebi ló máa bá ẹ dáhùn ìbéèrè ni?"

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run mọ àwọn tirẹ̀.

A tó ogójì lórí ìjókòó níta yàrá íńtáfíù. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matthew, ará Àrígìdì, ń ka orúkọ egungun ọwọ́ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọbìnrin kan lọ bì lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá jáde, gbogbo wa á ṣù bò ó: kí ni wọ́n bi ẹ́, ṣé wọ́n le? Bí orúkọ bàbá ṣe tẹ̀ lé ara wọn ní ABC ni akọ̀wé ń pè wá, torí náà èmi ṣáájú Mojísọ́lá.

Ènìyàn márùn-ún ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, àga kan ṣoṣo wà láàárín ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Obìnrin kan nínú wọn kọ nǹkan sílẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó wú u lórí ni tàbí ó bí i nínú. Wọ́n bi mí ní ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe dókítà. Mo ní láti ran ènìyàn lọ́wọ́.

Bàbá kan tó wọ gíláàsì sọ pé, "Gbogbo ẹni tó ṣáájú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀." Ó wá yí sí Yorùbá. "Àgbẹ̀ kan wà lóde. Ìyàwó rẹ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀, kò sì tíì mọ̀. Ìwọ ni dókítà. Báwo lo ṣe máa sọ fún un?"

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílùú wa. Ọmọ Ọ̀kà wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ ará oko nìyẹn, pé bí ìwé ló yẹ kí dókítà máa sọ̀rọ̀. Mo ní màá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti kú, kó gba f'Ọ́lọ́run.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Màá gbàdúrà fún un, sà."

"Bó bá ní òun ò fẹ́ àdúrà?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí ẹni tó kọ àdúrà rí.

Nígbà tí mo jáde, Mojísọ́lá dì mí lọ́wọ́ mú. "Kí ni wọ́n bi ẹ́?"

Mo rántí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún un, á ti rí ìdáhùn kó tó dìde.

Mo ní, "Ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe dókítà ni. Àti egungun. Tún orúkọ egungun kà dáadáa."

Wọ́n pè é. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀, ó ròyìn.

"Wọn ò tilẹ̀ dé ibi egungun. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan ni wọ́n mú wá, tí ìyàwó rẹ̀ kú. Mo ní màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló bá a wá. Bí kò bá sí ẹnì kan, màá ránṣẹ́ pe àgbà ilé wọn. Wọ́n ní Àjọwá ló ti wá, ó jìn. Mo ní ẹ jẹ́ kó jìn. Màá bi í bóyá ó ti jẹun, màá jókòó tì í títí àgbà á fi dé. Bó bá fẹnu ara rẹ̀ bi mí, mi ò ní purọ́ fún un, mi ò sì ní dìde níbẹ̀." Ó wo ojú mi. "Wọn ò bi ìwọ?"

Mo ní, "Rárá."

Nígbà tí orúkọ jáde, tirẹ̀ wà níbẹ̀. Tèmi kò sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní àkókò Ọlọ́run ló dára jù. Mo ṣe àmín. Nínú mi, ohun tí mò ń bi í ni pé, Olúwa, àwa méjèèjì, ta ló gbààwẹ̀?

Bàbá mi ti ra àpótí onírin fún mi sílẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ mi sí i lára. Ó ní kí Mojísọ́lá wá gbé e, torí bàbá tirẹ̀ kò lágbára àtirà á. N kò sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó dé, tó ń nu eruku lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Wọ́n bi mí ní ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bàbá onígíláàsì. Ó ní ọmọ ìlú mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun máa gbàdúrà fún ọkùnrin náà, ṣé èmi náà á gbàdúrà."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní bó bá ní kí n gbà á, màá gbà á. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n gbà, màá ní kí ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi."

Ó ti mọ̀, nígbà yẹn, nígbà tí mo ní rárá nínú mọ́tò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

Ó ní, "Kí n sọ ọ́, kó wá di kí ni? Jọ̀wọ́, bá mi gbé e."

A gbé e, ọwọ́ kan èmi, ọwọ́ kan òun, títí dé ìdí mọ́tò.

Mo tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò mú mi. Mo di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, iṣẹ́ rere ni. Mojísọ́lá padà wá ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, ilé ìwòsàn kan náà la sì wà báyìí. Irọ́ tí mo pa, mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run, mo sì gbà pé ó ti jì mí. Ti owú ni n kò mọ bí mo ṣe máa jẹ́wọ́ rẹ̀, torí mo ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Mo máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnu mi nìkan ló ń gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aboyún kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ le dì mí láṣọ mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ẹ bá mi pe Dókítà Fákúnlé." Mo sáré pè é. Ó dé kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ sì já fáfá. Ìyá yè, ọmọ yè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tọkàntọkàn, inú sì bí mi pé ó tètè dé.