Màlúù Tí Olóyè Rántí

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo kúrò nílé ní Òkè Ògùn láti lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó. Màmá mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. "Olóyè ń bọ̀ wá bá yín ní Dubai, àbí? Bó bá ń ròyìn ayé rẹ̀, fetí sílẹ̀. Kó ṣáà dárúkọ mi, ó ti tó mi."

Olóyè yìí ń du ipò gómìnà, ó fẹ́ kí àwa oníṣòwò tó ń ná ọjà Dubai ti òun lẹ́yìn. Ẹ má bínú pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pè é. Láyé òyìnbó, kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ nígbà tí Màmá mi fún un ní abo màlúù kan sìn, èyí tí wọ́n fi èrè ẹ̀pà rà. Ẹ mọ àṣà wa: ẹni tó ni ẹran àti ẹni tó ń sìn ín ni yóò jọ pín ọmọ rẹ̀. Màlúù bí, ó tún bí. Olóyè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀, ó di olówó, ó di olóṣèlú. Màmá mi ò rí ìrù màlúù kan gbà.

Lọ́jọ́ kejì tí mo ra aṣọ ọmọdé ní ọjà Naif ní Dubai, Olóyè ní ká mú òun lọ wo ọjà ẹran ní Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai. Ẹ̀gbọ́n Múfú, oníṣòwò tó ti pẹ́ níbẹ̀, san ọgbọ̀n dírámù, owó ibẹ̀, fún awakọ̀ ará Pakistan kan. "Yalla!" nìyẹn ń pariwo, ìyẹn "ó yá!" Ọ̀nà ń dán, kò sí kòtò kan. Inú bí mi, torí mo rántí ọ̀nà tiwa tí Olóyè ti ń ṣèlérí láti ìgbà ọmọge mi. Ẹran ibẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ibòji, omi tí wọ́n ń mu mọ́ ju tiwa lọ.

Olóyè fọwọ́ pa màlúù kan lórí, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ṣọ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ní àmì funfun níwájú orí."

"Bàbá, ta ló fún yín ní Ọ̀ṣọ́?" ni mo bi í.

"Ọlọ́run ni, ọmọ mi!"

Àwọn tó tẹ̀ lé e pàtẹ́wọ́. Mo bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ọwọ́ ènìyàn ni Ọlọ́run lò. Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Múfú fà mí láṣọ. "Àbúrò, khalas! Ó ti tó. Abeg, àgbà ni wọ́n."

"Ọmọ ta ni ọ́ gan-an?" ni Olóyè béèrè.

Mo dárúkọ Màmá mi ketekete.

"Mi ò rántí wọn," ló wí, ó sì kọjá lọ sídìí ọkọ̀.

Ọjọ́ ọjà ni mo padà délé. Màmá ò tilẹ̀ wo ẹrù mi.

"Ṣé ó dárúkọ mi?"

"Rárá, Màmá. Ọ̀ṣọ́ ló rántí, àti àmì iwájú orí rẹ̀."

Wọ́n dìde nílẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀ṣọ́. Ọ̀ṣọ́ ti kú, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ò tíì kú."

Wọ́n ní kí n mú gèlè wọn wá, ká jọ lọ sọ́jà, níbi tí gbogbo ìlú yóò ti gbọ́.