Arógunmásàá, Àlàjẹ́ Bàbá Màmá

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí wọ́n gbé mi sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni mo padà sí ilé ìdílé wa láti máa gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ìjọba alágbádá ló ṣì wà lórí oyè nígbà náà. Bàbá àti ìyá mi wà ní Èkó níbi iṣẹ́ ìjọba, nítorí náà àwa mẹ́ta péré là ń gbé inú ilé ọ̀hún: èmi, ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, àti àbúrò bàbá mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn Màmá. Bàbá Kékeré ni èmi ń pè é. Arógunmásàá ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ẹsẹ̀ kan ló ní. Wọ́n ti gé ti òsì lókè orúnkún nígbà ogun abẹ́lé, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi igi sábẹ́ abíyá rìn. Sítóòfù àti àtùpà ló ń tún ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Òórùn kẹrosíìnì kì í kúrò nílé wa. Ó wọ inú aṣọ, ó wọ inú aṣọ ìkélé, nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mò ń tọ́ ọ wò nínú ọbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá ń fi òjé dí ibi tó ń jò, a máa kùn orin ìjọ sínú, èèyàn kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà rárá, ohùn rẹ̀ nìkan.

Màmá ló fún un ní àlàjẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Bàbá tó bí Màmá ló ni ín. Màmá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn òyìnbó gbé ogun wá ká Ìjẹ̀bú mọ́lé, géńdé ni bàbá òun. Àwọn ọmọ ogun wa lọ dúró dè wọ́n létí odò. Nígbà tí ìbọn àwọn àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsinmi, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti fara gbọta níkùn. Ó jókòó tì í, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, kò sì dìde títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọ̀rẹ́ náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbẹ́ ilẹ̀ tó sin ín sí. Ìgbà tó fi máa délé, wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán.

Àwọn tó sá gan-an ló sọ ọ́ ní Arógunmásàá, ẹni tó rí ogun tí kò sá. Màmá ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní oko bàbá òun lọ́nà Ìmùṣin, àwọn àgbà ọkùnrin kì í pariwo orúkọ náà. Wọ́n máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni bí wọ́n bá fẹ́ pè é, nítorí pé bí wọ́n ti ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń ti àwọn fúnra wọn.

Lẹ́yìn ikú bàbá náà ni Màmá bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ẹbí gbà pé ẹni tó lọ ló padà wá, Màmá kò sì ní lè máa pe orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀ mọ́ ọmọ lórí, ó wá ń fi àlàjẹ́ náà kẹ́ ẹ. Láti ìkókó ló ti ń jẹ́ Arógunmásàá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kí i lórí pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, tí wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sí iṣẹ́ sójà, bàbá mi ní kò sẹ́ni tó bi í bóyá yóò lọ tàbí kò ní lọ. Orúkọ rẹ̀ ti bá a dáhùn.

Láràárọ̀, á fi igi rẹ̀ tilẹ̀ kọ́, kọ́, kọ́ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. Kò lè dọ̀bálẹ̀ mọ́, á di férémù ilẹ̀kùn mú, á sì tẹ orí ba. Màmá á dáhùn láti orí ibùsùn pé, "Arógunmásàá, bàbá mi, ṣé o jí dáadáa?" Á ní òun jí dáadáa. Mo gbádùn ìkíni yẹn púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Èmi rò pé òun náà ń gbádùn rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ọmọ kíláàsì mi kan wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, tábìlì wa ti di arógunmásàá." Mo lọ wò ó. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan ti yọ, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró. Mo bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í ní ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní, "Ẹni tí kò lè sáré ni, Àǹtí."

Ọmọ náà kò mọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni etí mi tó ṣí. Níbi ìdíje eré ìje, ẹni tó bá gbẹ̀yìn, arógunmásàá ni. Ewúrẹ́ tí mọ́tò gbá lẹ́sẹ̀, arógunmásàá ni. Àwọn ọmọ tó sì mọ ilé wa, wọ́n a máa dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí Bàbá Kékeré bá ń bọ̀ láti ilé epo, wọ́n á pè é, wọ́n á sì sá lọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè lé àwọn.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ní mo fẹ́ bá àwọn òbí ọmọ sọ ọ́, kí n sì sọ ọ́ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ó ń pààrọ̀ òwú sítóòfù kan lọ́wọ́. Ó ní òun ti gbọ́ ọ tipẹ́, kí n fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń pè. Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí mo bá fẹ́ ran òun lọ́wọ́, Màmá ni kí n bá sọ̀rọ̀, kí ó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní ìyìn ni ti Màmá, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ó rógun kò sá.

Ó gbé sítóòfù náà sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé mi ò sá?"

Ohùn kan náà tó fi ń sọ̀rọ̀ kẹrosíìnì ló fi sọ ọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà, ọmọ Ìbẹ̀fún. Àwọn ọ̀tá ká wọn mọ́ ní òwúrọ̀ kan nínú igbó lápá ìlà-oòrùn, ìlà wọn túká. Ìbọn ba ọ̀rẹ́ náà nítan, ó ṣubú sójú ọ̀nà. Bàbá Kékeré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Iwájú díẹ̀ ló ti tẹ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn sójà mìíràn ló gbé e. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀rẹ́ náà mọ́. Nígbà tí ogun parí, ìyá ọ̀rẹ́ náà wá sílé wa láti Ìbẹ̀fún, ó béèrè ọmọ rẹ̀, Bàbá Kékeré sì sọ fún un pé àwọn ò sí níbì kan náà.

Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá, òun ò lè fi ẹnu ara òun sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Nígbà tí mo parí, Màmá tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí itan. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ̀. Ìyá ọmọ Ìbẹ̀fún ló béèrè, ó ní ṣé obìnrin náà ṣì wà láyé. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ wò ó. Bí ó bá wà, ẹ sọ fún un."

A wọ mọ́tò Pijó lọ sí Ìbẹ̀fún ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá Kékeré wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A béèrè ilé náà, wọ́n fi hàn wá. Obìnrin náà jókòó lórí àga gbọọrọ níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú atẹ. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Ó wo igi abẹ́ abíyá, ó wo ojú ẹni tó ń fi í rìn, ó sì dá Bàbá Kékeré mọ̀. Ó ní kí a jókòó, ó bu omi fún wa.

Bàbá Kékeré ní, "Ìyá, ìgbà tí ẹ wá bá mi, irọ́ ni mo pa fún yín." Ó wá sọ bó ṣe rí, kò fi nǹkan kan pa mọ́, kò sì tọrọ nǹkan kan. Obìnrin náà ò gbé ọwọ́ kúrò nínú atẹ, àmọ́ ọwọ́ náà kò ṣa nǹkan mọ́.

Ó béèrè pé, "Ṣé ó pè ọ́?"

"Ó pè mí."

"Orúkọ wo ló fi pè ọ́?"

Bàbá Kékeré gbé omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Arógunmásàá ni, Ìyá. Òun ni gbogbo wọn mọ̀ mí sí níbùdó. Ó ń pè é títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́."

Ìgbà náà ló yé mi. Láràárọ̀ tí mo ti ń gbádùn ìkíni Màmá, ohùn tí Bàbá Kékeré ń gbọ́ nìyẹn.

Obìnrin náà tún orúkọ náà pè jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ bí ó ti rí lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ọmọ òun ti jẹun ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá Kékeré ní àwọn jọ mu gàrí nínú agolo kan náà. Obìnrin náà mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún náà kò ní ariwo. Mo fẹ́ dìde lọ bá a, ó fi ọwọ́ dá mi dúró.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá," ó wí. "Mo ti gbọ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà wá mọ́."

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo ti rò pé Bàbá Kékeré yóò délé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, nítorí ó ti sọ òtítọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde títí di ọjọ́ kejì.

Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì náà ni Màmá ti ń fi orúkọ àbísọ rẹ̀ kí i. Orúkọ náà ṣàjèjì lẹ́nu rẹ̀. Nígbà mìíràn á bẹ̀rẹ̀ ti àtijọ́, á gbé e mì ní àárín, ìkíni náà á sì parí síbẹ̀. Ó sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ kan pé òun ò gbọ́ orúkọ bàbá òun nínú ilé mọ́. Ó ní nígbà tí òun ń fi pe ọmọ náà, ṣe ló máa ń dà bíi pé bàbá òun jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi," ó wí, "ẹ ò sì jẹ̀bi."

Àwọn sójà gba ìjọba ní ìparí ọdún kan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà tó ń lẹ táyà ládùúgbò wá ń na ọwọ́ sí iwájú orí bí wọ́n bá rí Bàbá Kékeré, wọ́n á kígbe àlàjẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n ń kí ọ̀gá ológun. Ó máa ń ju ọwọ́ sí wọn, á sì kọjá. Sítóòfù ìyá wọn ló ń tún ṣe, nígbà míì kì í gba nǹkan kan.

Àìsàn àyà ló mú un lọ, kí ìjọba àwọn sójà náà tó pẹ́ rárá. A gbé e lọ sí ọsibítù, a gbé e padà wálé, ó kú lọ́sàn-án gangan, èmi àti Màmá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi dé láti Èkó. Òbí kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀, a fi Màmá sí yàrá, èmi ni mo dúró tì í.

Àwọn ọmọ fọkanáísà yẹn ló wá gbẹ́ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń gbé pósí jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Arógunmásàá, ohùn wọn há. Màmá gbé orí sókè. Ó bi mí pé ta ni wọ́n ń pè. Mo ní ọmọ yín ni. Ó ní kí n lọ béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí lẹ́nu wọn.

Mo jáde, mo fa ọ̀kan lára wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń béèrè. Ó ní, "Àǹtí, orúkọ bàbá ni. Bàbá tó máa ń bá wa tún sítóòfù ṣe."

Mo padà wọlé, mo sọ ọ́ fún Màmá bó ṣe sọ ọ́. Ó gbọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun ti ilẹ̀kùn. Mo tì í, mo jókòó ti Màmá lórí ibùsùn, àwọn ọmọ náà sì ń pe orúkọ náà lọ lóde.