Ìbéèrè Tí Mi Ò Bi Ẹ̀gbọ́n

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ariwo tí ọkọ̀ lè pa tí etí mi ò ní mọ̀. Mẹkáníìkì ni mí ní Berlin, ní Märkisches Viertel ni mò ń gbé, ẹnu mi sì mú ju irinṣẹ́ mi lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ jẹ́ ọmọ ìlú kan náà wà ní Hamburg, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan, oníjòkòó méjì, pupa fòò. Kò pẹ́ tí iwájú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kò-kò-kò bó bá ti gun ojú ọ̀nà olókùúta. Màmá wọn ti dé láti ilé, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé wọn gba Autobahn, ọ̀nà márosẹ̀ eléré àsápajúdé, wá sí Berlin ní ọjọ́ kejì. Wọ́n ní kí n wá tún un ṣe.

Ilé wọn ní St. Georg kò jìnnà sí Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá. Kí n tó sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti ní ṣọ́ọ̀kì ló bà jẹ́, wọ́n tilẹ̀ ti ra tuntun sílẹ̀. Mo tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó dúró jẹ́jẹ́. Ara ṣọ́ọ̀kì le koko. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni ẹni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn ló pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí mo dé Germany, àwọn ló bá mi lọ ṣe Anmeldung, ìforúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ta ni èmi tí n óò máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bí ọlọ́pàá? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì láìfọwọ́ kan bíréèkì tó wà níwájú mi gan-an, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti parí.

Màmá ní àwọn á bá mi dán an wò. A ò tíì dé ìkángun àdúgbò tí kò-kò-kò tún bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí. Mo fẹsẹ̀ ba bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, ariwo dákẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀, ó tún dún. Ẹ̀rù bà mí, torí ìyá ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó tì mí. Mo rọra wà á padà, mo sì ṣàlàyé fún Màmá pé ó jọ pé ẹnìkan tú bíréèkì náà, kò sì dè é dáadáa.

Ohun tí ẹnu mi ò gbé, tiwọn gbé e. Wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi pe ọmọ wọn. "Ta ló tú bíréèkì ọkọ̀ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n wolẹ̀. "Èmi ni, mà. Mo watch video kan ni, mo bá pààrọ̀ páàdì rẹ̀ fúnra mi."

Mo yọ táyà òsì. Nínú bóòtù méjì tó di bíréèkì mú, ọ̀kan ti já bọ́, ìka lásán ni mo fi tú èkejì. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Ọkọ̀ ojú irin ni Màmá bá mi wọ̀ wá sí Berlin.

Lónìí, ọ̀gá ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Kreuzberg, àwọn oníbàárà a sì máa yin etí mi. Etí náà dára, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ tí mo bù fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kó sọ wọ́n di aláìníyàá.